Àga Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Ràbí

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ará Adigbẹ ti bi mí pé kí ni mo rí ní Jámánì. Ohun tí mo máa ń sọ fún yín ni pé òtútù wà níbẹ̀. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe ìdáhùn. Ọdún mẹ́fà ti kọjá. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá tó jẹ́ kí n rí i pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bí ó ti rí gan-an.

Kí n sọ eléyìí ná, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ẹ̀rín. Nígbà tí mo ń lọ, mo ní ìyàwó. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti lo ọ̀sẹ̀ méje nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjèèje.

Ikọ́

Ràbíátù ni orúkọ rẹ̀. Àdìrẹ ló ń ṣe nínú ọgbà bàbá rẹ̀ ní Láfẹ́nwá, òun àti ìbátan rẹ̀ kan tó jù ú lọ díẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Wàsíù. Mùsùlùmí ni ìdílé wọn, oníṣòwò láti ìran dé ìran. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi í fún, wọn kò sì yé fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Tíṣà ló ń pè mí, gbogbo ilé wọn náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀, torí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ni mo ti ń kọ́ni nípa ilẹ̀: ohun tó ń mú un lọ́ràá àti ohun tó ń pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ aró mọ̀ pé kì í ṣe ewé ẹ̀lú nìkan ló wà nínú ìkòkò mọ́. Sódà wà níbẹ̀, àti ìyẹ̀fun funfun kan tó máa ń ta sí imú bí wọ́n bá ti dà á sómi. Omi tó bá ṣẹ́kù, gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí, gọ́tà a sì gbé e lọ sódò. Ràbí kì í wọ ìbọ̀wọ́, kì í sì í bo imú. Ọdún kan ṣáájú ìrìn-àjò náà ló bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Nígbà tí ìwé dé láti Jámánì pé wọ́n ti gbà mí fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́wàá, mo ní n kò lọ mọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún wà fún àwọn tó ti gboyè tí wọ́n ṣì ń kàwé lọ. Wọ́n ń ṣà wọ́n jọ láti inú ìmọ̀ oríṣiríṣi, kí wọ́n lè jọ kọ́ bí ènìyàn ṣe lè jẹ nínú ayé kí ó sì ku èyí tí ọmọ-ọmọ yóò jẹ.

“Ẹ máa lọ, Tíṣà,” ni Ràbí wí. “Ikọ́ ni mo ní, kì í ṣe àlè.”

“Ta ni yóò máa bá ọ fún aṣọ?”

“Ìyá Wàsíù ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ le ju tiyín lọ. Ẹ lọ kọ́ ohun tí a ó fi omi yẹn ṣe, kí ẹ wá gbẹ́ ihò rẹ̀ fún mi.”

Mo ṣe ìlérí fún un. Ìlérí yẹn ló wúwo jù nínú ẹrù mi.

Ilé Màmá Hẹ́gà

Òjò wínniwínni ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé ìlú kékeré náà. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sì kí gbogbo èrò inú rẹ̀ bí a ṣe tọ́ mi. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkùnrin kan gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí ìjókòó kí n lè jókòó, ó sì kọjú sí fèrèsé. Oṣù mélòó kan ló gbà mí kí n tó mọ̀ pé ó ti kí mi.

Opó ni obìnrin tó gbà mí sílé, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní Hẹ́gà ni òun ń jẹ́, kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò lè pe ẹni tó tó bí mi lórúkọ lásán, Màmá Hẹ́gà ni mo máa pè é. Ó rò ó wò, ó ní, “N kò bímọ.” Mo ní èmi náà kò bímọ, a sì fi í síbẹ̀.

Kí ó tó fi ibùsùn hàn mí ló ti fi garawa ìdọ̀tí mẹ́rin hàn mí: ti bébà, ti ìgò, ti ike, ti èèpo oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan dání bí ẹni gbé sàárà wá. Èèpo ọsàn mi ló wà nínú rẹ̀. Mo ti dà á sí ibi tí kò yẹ.

Oúnjẹ alẹ́ kì í rí iná nílé náà. Burẹ́dì dúdú tó le, wàràkàṣì, àti kùkúńbà tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan, àwa méjèèjì a sì máa jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tú lááfún tí Ràbí dì fún mi, mo rò ó. Màmá Hẹ́gà ṣí gbogbo fèrèsé láìsọ nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò.

“Ó dà bíi gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ bébà,” ló wí. “Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀.”

“Ó dára.”

Kò purọ́. Lááfún kan náà ni àwọn aládìrẹ fi ń ya àwòrán sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Ràbí lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ṣe mí dáadáa níbẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ àlejò ni àlejò. Ní ọjọ́ Àìkú kan mo ń kọ orin ìsìn nínú bálùwẹ̀, ẹni tó ń gbé òkè wa fi ìwé kékeré kan há ẹnu ọ̀nà: “Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ Àìkú nìyí.” Ilé-ìtajà ni bàbá kan ti bi mí, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé ìgbà wo ni mo máa padà sílé. N kò tíì lo oṣù kan.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí mo fi bú gbogbo wọn nínú ọkàn mi. A wà nídìí tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún, Màmá Hẹ́gà gbé e, ó gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, “Àbúrò mi ọkùnrin ti kú.” Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Lẹ́yìn náà ló gbé orí lé tábìlì, ó sì sunkún.

Nígbà tó dákẹ́, mo bi í pé ta ló pè. Ó ní ìyàwó àbúrò òun ni.

“Lórí fóònù báyẹn? Wọn kò rán ẹnikẹ́ni wá bá yín jókòó kí wọ́n tó sọ ọ́?”

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. “Kí ni ẹni yẹn yóò wá ṣe? Ikú àbúrò mi ni. Èmi ni mo ni ín.”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ yẹn pé àwọn ènìyàn yìí kò ní àánú. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àga

Ènìyàn mọ́kànlá ni wá ní kíláàsì, tábìlì kan ni gbogbo wa sì yí ká: ẹnjiníà, agbẹjọ́rò, dókítà, àwọn tó ka ètò ọrọ̀-ajé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ́kọ́ kàwé láti di àlùfáà. Nílé níbí, ẹni tó mọ ilẹ̀ kì í bá ẹni tó mọ òfin jókòó àfi bí ìjà ilẹ̀ bá bẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa, obìnrin kúkurú kan tí kì í gbé ohùn sókè, ní òfin méjì. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tó dábàá ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń sọ ohun tí a kò mọ̀. Olùkọ́ ni mí. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n bọ́ mi láṣọ lójú ọjà.

Òfin kejì ni ti àga. Àga kan gbọ́dọ̀ ṣófo nídìí tábìlì lójoojúmọ́. Ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dé bá ni, tí kò sì sí nínú yàrá. Bí a bá ti dámọ̀ràn kan tán, ọ̀jọ̀gbọ́n á kọjú sí àga náà, á ní, “Kí ni ẹni yìí yóò sọ?”

Omi aró Láfẹ́nwá ni kíláàsì mú láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí àga ṣe di ti Ràbí nìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àga.

A máa ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i, á fi ohùn rẹ̀ dáhùn lórí wáṣáàpù, èmi á sì túmọ̀. Dókítà fẹ́ mọ ìdí tí kì í fi wọ ìbọ̀wọ́.

“Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ bóyá aró ti jí,” ni Ràbí wí. “Ṣé òun náà máa ń wọ ìbọ̀wọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò ni? Ẹ wá bá mi bi gbogbo wọn léèrè. Omi tí wọ́n fi fọ aṣọ tiwọn, níbo ló ń gbà lọ?”

Mo bi wọ́n. Wọ́n ń wo ara wọn. Agbẹjọ́rò ní inú páìpù ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í pé, “Páìpù náà ńkọ́, ibo ló lọ?” Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní a kò ní jókòó mọ́ títí a ó fi tẹ̀ lé omi náà dé òpin. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi rìn, láti ẹ̀yìn ilé dé ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi, títí dé etí odò ńlá. Ní gbogbo oṣù mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kẹ́kọ̀ọ́ jù. Ìyàwó mi, tí kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ló kọ́ wa.

Nígbà tó di oṣù keje, ohùn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà,” ni Ìyá Wàsíù wí. “Ràbí ti lọ sí Pápálántó, ọ̀dọ̀ ìbátan wa kan. Ó ní òun fẹ́ sinmi. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀ kò dáa, ẹ̀yin náà mọ̀.”

Mo gbà á gbọ́. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá wà níwájú wa nígbà náà. Mo sọ fún Ìyá Wàsíù pé mo fẹ́ sáré wálé, kí n yà wo Ràbí ní Pápálántó.

“Kí lẹ fẹ́ wá wò? Ẹ ṣe iṣẹ́ yín parí. Àbí ẹ fẹ́ kí àwọn òyìnbó máa sọ pé Ẹ̀gbá kì í parí nǹkan ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dúró. Lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín yẹn, Ràbí wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ bá a mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kan náà bí ẹ̀sìn wọn ti wí.

Nígbà tó pé bí ọjọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti sin ín, a gbé iṣẹ́ wa kalẹ̀ níwájú àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà: ihò oníyanrìn àti èédú, pẹ̀lú koríko etí odò tí yóò máa fa ẹ̀gbin inú omi mu. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ẹnì kan jókòó sórí àga, kí ó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo jókòó. Mo ní, “Ràbíátù ni mo ń jẹ́. Ara mi le. Ọkọ mi ni yóò gbẹ́ ihò náà fún mi bó bá dé.”

Wọn kì í pàtẹ́wọ́ ní kíláàsì níbẹ̀. Ìka ni wọ́n fi ń kan tábìlì. Gbogbo wọn kàn án, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn mi, ohun tí mo ń gbọ́ nìyẹn.

Pápálántó

Àlájì, ẹ̀gbọ́n Ràbí, ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú awakọ̀. Ó kí mi kú ìrìn, ó bi mí nípa òtútù, ó bi mí nípa oúnjẹ, ó tún bi mí nípa òtútù. Mo bèèrè Ràbí.

“Gbogbo ilé ló ń retí yín,” ni Àlájì wí.

A gba ọ̀nà Ìfọ̀. Nígbà tí eruku ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hàn lórí ewé, mo mọ̀ pé a ti dé Pápálántó. Mo fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Ẹ jẹ́ ká mú ìyàwó mi dání.”

Awakọ̀ wo Àlájì nínú dígí. Mọ́tò kò rọra.

“Àlájì, mo ní ẹ jẹ́ ká yà.”

“Ẹ jẹ́ ká délé ná, Tíṣà.”

“Ṣé kò sí níbẹ̀ ni?”

“Ẹ jẹ́ ká délé.”

Mo wo ìlú náà bí ó ṣe ń kọjá lẹ́yìn wa, ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn obìnrin tó gbé ẹ̀pà sórí, gbogbo wọn funfun díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ fún arìnrìn-àjò, kí ó má fi ìlú tí yóò gbà kọjá ṣe é.

Wọn kò gbé mi lọ sílé mi ní Adigbẹ. Láfẹ́nwá ni wọ́n gbé mi lọ. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Láti ibi tí mo jókòó, mo rí ìkòkò aró Ràbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ti dojú wọn délẹ̀.

“Ìgbà wo ni?” mo ní.

“Tíṣà, ọkùnrin ni yín.”

“Ìgbà wo ni, Àlájì?”

Ó sọ ọ́. Mo ka ọ̀sẹ̀ náà padà sẹ́yìn títí mo fi dé orí àga. Lẹ́yìn ìyẹn, mo jẹ oúnjẹ náà, torí wọ́n ti sè é.

Ohun tí Ìyá Wàsíù sọ

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ló tó wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n kò sì sọ pé kí ó dìde.

“Òun ló ní ká má sọ,” ló wí. “Kò bẹ̀ wá o. Ó pàṣẹ ni. Ó ní bí ẹ bá gbọ́ pé òun wà ní ọsibítù, ẹ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò wá gbẹ́ ihò?”

“Nígbà tó wà láàyè nìyẹn. Lẹ́yìn tó kú, ta ló pàṣẹ fún yín?”

“A kì í túfọ̀ fún èrò ọ̀nà, Tíṣà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ṣubú, ta ni yóò gbé yín? Bí ẹ bá sáré bọ́ sójú títì, ta ni yóò dì yín mú?”

Mo mọ̀ pé àánú ni. Àánú náà ló gbé mi jókòó sórí àga òkú, tí mo ń sọ pé ara mi le. Màmá Hẹ́gà ní ikú àbúrò òun, òun ni òun ni ín. Ikú ìyàwó mi, gbogbo Láfẹ́nwá ni wọ́n pín in láàárín ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méje, èmi nìkan ni kò rí ìpín mú níbẹ̀.

Mo gbẹ́ ihò náà. Koríko rẹ̀ yè, omi tó ń jáde níbẹ̀ kò sì dúdú mọ́. Àwọn kan nínú yín ti bi mí bóyá aró ló pa ìyàwó mi. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ pé kì í ṣe aró. N kò mọ̀. Ìyá Wàsíù bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìbọ̀wọ́, ó ní nítorí Ràbí ni, kì í ṣe nítorí dókítà kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé pé kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ̀rọ̀. Mo ní n kò lè wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wàsíù, ọmọ Ìyá Wàsíù, gboyè nínú iṣẹ́ ẹnjiníà tó sì ní òun fẹ́ kàwé sí i, èmi ni mo bá a kọ̀wé sí kíláàsì náà. Ó lọ lọ́dún yìí. Ilé Màmá Hẹ́gà ló wọ̀ sí. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún báyìí, garawa mẹ́rin náà sì ṣì wà níbẹ̀.

Oṣù tó kọjá

Ìyá Wàsíù kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó kírun tán, ó jókòó, kò dìde mọ́. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, Àlájì ti wà nínú pálọ̀ mi.

“Oṣù mẹ́ta ló kù fún ọmọ náà lọ́hùn-ún,” ló wí. “Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀, Tíṣà. Ó máa gba tiyín gbọ́. Bó bá pè, ẹ bá wa sọ pé ìyá rẹ̀ rin ìrìn-àjò díẹ̀.”

“Ibo ni kí n ní ó lọ? Pápálántó?”

Àlájì bojú wolẹ̀. Ó ti darúgbó, mo sì mọ̀ pé kò sùn. “Ẹ má ṣe báyẹn,” ló wí. “Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ta ni yóò dì í mú?”

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Nítorí náà, Màmá Hẹ́gà ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ní ìyá Wàsíù ti kú, kí ó jọ̀ọ́, kí ó lọ jókòó ti ọmọ náà kí n tó pè é. Mo rò pé yóò bi mí ní ohun tí òun yóò wá ṣe níbẹ̀. Kò bi mí. Mo gbọ́ tí ó fa àga sẹ́yìn, tí ó dìde.

Mo wá pe Wàsíù.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Màmá Hẹ́gà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí mi, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Wàsíù, ìyá rẹ ti kú. Láàárọ̀ yìí ni.”

Àlájì dìde. “Ẹ ti pa á,” ló wí, ó sì jáde lọ.

N kò gé fóònù. Mo gbọ́ ohùn kan tí n kò ní kọ síbí. Mo gbọ́ ohùn Màmá Hẹ́gà pẹ̀lú, ó ń sọ èdè tirẹ̀. Ó pẹ́.

“Ṣé wọ́n ti sin ín?” ni Wàsíù bi mí.

“Rárá. Lẹ́yìn ìrun àìlà ni, lọ́sàn-án yìí.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mú mi dání.”

Mo mú un dání. Mo dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin ilé, mo gbé fóònù sókè kí ó lè gbọ́ àdúrà, kí ó gbọ́ ṣọ́bìrì. Apá ń ro mí, n kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn kan ń wò mí bí ẹni tó gbé ẹ̀gbin wá síbi mímọ́. Àlájì wà níwájú, létí sàréè. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọwọ́ mi lókè, ó rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó tún kọjú síwájú.

Lẹ́yìn náà ló sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, díẹ̀, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ létí sàréè. Mo rìn síwájú, mo sì gbé Wàsíù síbẹ̀.